Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ṣúgà Kù: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Inú Ife, Kì Í Ṣe Láti Inú Àwo

“Báwo ni mo ṣe máa jáwọ́ nínú ṣúgà?” Ìbéèrè yìí kì í tán. Ẹni tó bèèrè sábà máa ń fi kún un pé òun ti gbìyànjú ẹ̀ rí, àmọ́ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí òun tún fi padà sídìí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí ẹ bá bi í ní ohun tó ṣe, ẹ máa gbọ́ pé ó lé kéèkì, ó lé bisikíìtì, kódà ó lé èso, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣì wà lórí tábìlì, nítorí pé “mímu lásán ni.”

Mi ò ní sọ fún yín pé májèlé ni ṣúgà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n to iṣẹ́ náà fún yín: ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ dín kù, èyí tó máa tẹ̀ lé e, èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, àti ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

## Ẹ ka ibí yìí kí ẹ tó dín ohunkóhun kù

Ṣúgà dídínkù kì í ṣe ewu fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa. Àmọ́ ẹ dúró ná bí ẹ bá wà lára àwọn wọ̀nyí:

- Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù. Bí oúnjẹ bá yí padà tí oògùn kò yí padà, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bo èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu lè má jọra wọn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín. Kí ohun dídùn tó ń tètè ṣiṣẹ́ má sì wọ́n nínú àpò yín. Bí ṣúgà ara bá já, ohun tí wọ́n sábà ń ní kí èèyàn ṣe ni pé kó mu gíráàmù 15 ṣúgà, bíi ṣíbí tíì mẹ́rin tí a pò mọ́ omi, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.
- Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu, pàápàá ọmọdé. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS kò ṣeé yọ ṣúgà kúrò nínú rẹ̀. Ṣúgà yẹn ló ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé. Bí ẹ bá ń po ó fúnra yín: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò.
- Ẹni tó ti ní àìsàn kó máa febi pa ara rẹ̀ rí, tàbí kó máa jẹun àjẹjù kó sì lọ bì í. Kíka ṣúgà lójoojúmọ́ lè tún àìsàn yẹn jí. Ẹ má dá a ṣe.
- Ẹni tó ń lo oògùn olómi dídùn. Ẹ má torí ṣúgà dá oògùn dúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá irú rẹ̀ tí kò ní ṣúgà wà.

## Ṣúgà wo là ń sọ, mélòó ló sì yẹ?

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìmọ̀ràn jáde pé kí okun tí à ń rí láti inú ṣúgà má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo okun tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Wọ́n ní bí a bá lè mú un wá sí ìsàlẹ̀ ìdá kan nínú ogún, ìyẹn ìdajì iye àkọ́kọ́, ó tún dára jù. Fún àgbàlagbà tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000 lójúmọ́ (kálórì ni wọ́n fi ń wọn okun inú oúnjẹ), ìyẹn túmọ̀ sí gíráàmù 50 gẹ́gẹ́ bí ààlà, àti gíráàmù 25 gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù. Ṣíbí tíì kan tí a gé orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin. Nítorí náà, ṣíbí 12 ni ààlà, ṣíbí mẹ́fà ló dára jù.

Kí ló wà nínú ìṣirò yẹn? Ṣúgà tí ẹ fúnra yín bù, èyí tí alásè bù, èyí tí ilé iṣẹ́ bù, oyin, omi ṣúgà tó ki, àti omi èso, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá fi nǹkan kan sí i. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ṣúgà tó wà nínú odindi èso, nínú ewébẹ̀ àti nínú wàrà lásán. Nítorí náà, ẹ fi ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yín sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Wọn kọ́ ni ẹjọ́ kàn.

Kí ẹ tó máa bá ìyókù lọ, ẹ ṣe èyí ná. Ẹ mú ṣíbí tí ẹ fi ń po tíì, kí ẹ bu ṣúgà bí ẹ ṣe máa ń bù ú gan-an, kí orí rẹ̀ ga bí òkìtì. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé òkìtì náà kúrò sínú àwo. Ẹ wo èyí tó bọ́ sínú àwo. Kì í ṣe díẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé “ṣíbí méjì péré” lòun ń mu lè máa mu mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìmọ̀.

## Ohun tó ń ṣe nínú ara

Ṣúgà funfun kò ju nǹkan méjì tó so pọ̀ lọ: glucose àti fructose. Glucose máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á sì tú ínsúlínì jáde kó lè ráyè wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Fructose ní tiẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bó bá ti ń ya wọlé lójoojúmọ́ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè lò, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí fi lè ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì lè lọ sókè. Fructose tún ń mú kí ásíìdì úríìkì pọ̀ sí i, èyí tó ń fa irú oríkèé ríro tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ti àtọ̀gbẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣúgà kọ́ ló ń fa àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Oríṣi kejì ní ọ̀pọ̀ ohun tó ń fà á: ìsanra, ìran tí èèyàn ti wá, àìmira. Àmọ́ léraléra ni ìwádìí ń fi hàn pé àwọn tó ń mu ohun mímu oníṣúgà lójoojúmọ́ máa ń ní in ju àwọn tí kì í mu ún lọ.

Eyín ni ẹ̀rí tó hàn sí gbogbo ojú. Kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lẹ́nu máa ń jẹ ṣúgà, ó sì ń yọ ásíìdì tó ń mú kí ara eyín rọ̀. Itọ́ ẹnu máa ń tún un ṣe, àmọ́ ó nílò àkókò. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń fẹnu kan ṣúgà lemọ́lemọ́ tó ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ẹni tó mu ìgò kan tán nídìí oúnjẹ ṣe eyín rẹ̀ lóore ju ẹni tó ń fi ìgò kan náà jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

## Ọpọlọ àti ọkàn: ohun tí a mọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ lásán

Ọ̀pọ̀ ń jẹ ohun dídùn kí inú wọn lè dùn, tàbí kí oorun lè dá lójú wọn. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan kó àbájáde ìwádìí 31 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọn kò rí i pé ṣúgà ń mú inú èèyàn dùn. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ara á túbọ̀ rẹ èèyàn, tó bá sì fi máa di wákàtí kan, ojú kò ní dá ṣáṣá tó ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń mu ohun dídùn lọ́sàn-án kó lè ráyè ṣiṣẹ́ ń ra àárẹ̀ míì sí i ni.

Lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìwádìí Whitehall II, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, gbé àbájáde kan jáde ní ọdún 2017. Àwọn ọkùnrin tí ṣúgà wọn láti inú oúnjẹ àti ohun mímu dídùn ju gíráàmù 67 lọ lójúmọ́ fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún ju àwọn tí tiwọn kò tó 40 lọ. Ìyẹn kò fi hàn dájú pé ṣúgà ló fà á. Ó tó kí èèyàn fi ṣọ́ra, kò tó kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá pé “ṣúgà lo jẹ jù.” Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, ẹ má sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ti pé ṣúgà ń mú kí ọmọdé máa ya kiri níbi àríyá bí ẹni tí ara ń ta ńkọ́? Láti 1995 ni ìwádìí tó kó ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò pọ̀ ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi àríyá fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n bí ọtí.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má yí ohunkóhun padà

Kí ọjọ́ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, torí a kì í jẹun bákan náà lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ kọ:

1. Ohun tí ẹ jẹ tàbí mu.
2. Bó ṣe pọ̀ tó (ṣíbí mélòó, ìgò tó tóbi tó ibo).
3. Aago mélòó.
4. Ìdí: ebi, òǹgbẹ, àárẹ̀, àṣà, inú bíbí, tàbí pé wọ́n gbé e síwájú yín.

Ẹ má fo ìkẹrin. Òun ló máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn náà. Bí “òǹgbẹ” bá pọ̀ níbẹ̀, omi ni ojútùú. Bí “àárẹ̀” ló bá pọ̀, oorun yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ẹni tí kò sùn dáadáa máa ń wá ohun dídùn kiri lọ́jọ́ kejì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ kojú

Bí ẹ kò bá ṣe ju ìgbésẹ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, ibí yìí ni kí ẹ ti ṣe é. Ṣúgà inú ohun mímu ń yára wọlé, kì í sì í yó èèyàn. Ẹni tó mu ìgò kan kì í torí ẹ̀ dín oúnjẹ rẹ̀ kù, orí oúnjẹ yẹn náà ló máa gùn.

Ẹ mú ìgò kan, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 10.6 ṣúgà nínú mìlílítà 100. Bí ìgò náà bá jẹ́ mìlílítà 500, ẹ fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: gíráàmù 53. Ẹ pín in sí mẹ́rin: ó lé ní ṣíbí 13. Ìgò kan ti kọjá ààlà odindi ọjọ́ kan, ẹ kò sì tíì jẹ nǹkan kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n kan níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi òǹkà ńlá kọ ṣúgà inú ife kan, mìlílítà 250 tàbí 200, sí ara ìgò tó gba ife méjì sí mẹ́ta. Ta ló ń mu ìdajì ìgò kó fi ìyókù sílẹ̀? Iye tó wà fún 100 ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì ṣírò odindi ìgò.

Bí ẹ ṣe máa dín in kù:

1. Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ dín ìwọ̀n ẹ̀ kù. Ẹni tó ń mu ìgò méjì á mu ọ̀kan, ẹni tó ń mu ọ̀kan á ra èyí tó kéré jù. Ẹ má ra ńlá kí ẹ ní ẹ máa mu ún ní ìdajì, ẹ ò ní mu ún ní ìdajì.
2. Ọ̀sẹ̀ kejì: ẹ máa mu ún nídìí oúnjẹ nìkan. Láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ, omi ni.
3. Ọ̀sẹ̀ kẹta: ẹ yan ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ kò ní mu ún rárá, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ kún un.
4. Lẹ́yìn náà: ó di ohun àríyá. Ìyẹn náà tó.

Kí lẹ máa fi rọ́pò rẹ̀? Omi tútù ni. Bí omi lásán kò bá wọ̀ yín lọ́fun, ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí atalẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé hóhó rẹ̀ lọ́fun gan-an lẹ fẹ́ràn, omi tó ń hó wà tí kò ní ṣúgà rárá.

Omi èso ńkọ́, èyí tí wọ́n fún láti ara ọsàn gidi? Ṣúgà rẹ̀ sún mọ́ ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ife kan gba ọsàn tó pọ̀, fọ́nrán ara èso (fiber) sì ti wà nínú àtẹ̀dànù. Ìmọ̀ràn ètò ìlera ìjọba Britain ni pé kí ó má ju mìlílítà 150 lọ lójúmọ́. Ẹ jẹ ọsàn náà ní jíjẹ.

## Ìgbésẹ̀ 3: Tíì àti kọfí, ààbọ̀ ṣíbí lọ́sẹ̀

Ẹni tó ń mu ife mẹ́ta lójúmọ́, ṣíbí mẹ́ta nínú ìkọ̀ọ̀kan, ti mu gíráàmù 36. Ẹ má yọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dín ààbọ̀ ṣíbí kù, kí ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún dín ààbọ̀ míì. Ahọ́n máa ń kọ́ ìtọ́wò tuntun, ó kàn ń lọ́ra ni. Tó bá yá, ife tí ẹ ń pè ní “tó dára” lónìí á dùn jù fún yín.

Ẹ ṣàkíyèsí wàrà inú agolo tó ki tó sì dùn, àti ìyẹ̀fun ṣokoléètì tí a ń pò mọ́ omi gbígbóná. Ṣúgà ti wà nínú wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣíbí. Bí ẹ bá lo wọn, ẹ má tún bu ṣúgà mọ́.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ara páálí

1. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Sugars sí, lábẹ́ 100 g.
2. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún oúnjẹ ní Britain rọrùn láti rántí: bó bá ju gíráàmù 22.5 lọ nínú 100, ó pọ̀ jù. Bí kò bá ju márùn-ún lọ, ó kéré.
3. Ẹ lọ sí ibi Ingredients, ìyẹn àwọn èròjà tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tó wúwo jù ló ń ṣíwájú. Bí ṣúgà bá wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun dídùn lẹ gbé lọ́wọ́, ohun yòówù kí wọ́n yà sára ẹ̀.
4. Ẹ wá àwọn orúkọ rẹ̀ míì: sucrose, glucose, dextrose, maltose, fructose, corn syrup, invert sugar, molasses, honey, fruit juice concentrate.

Ìkẹrin yẹn ṣe pàtàkì. Ilé iṣẹ́ lè lo oríṣi mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, kí ìkankan nínú wọn má bàa ṣíwájú. Ẹ ro wọ́n pọ̀.

Yúgọ́ọ̀tì ló máa ń da èèyàn lójú rú jù. Ẹ kà á pé gíráàmù 12 ni Sugars rẹ̀ nínú 100. Wàrà fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò fi sí i. Ẹ yọ márùn-ún kúrò, méje tó kù ni wọ́n fi sí i. Bí ike náà bá jẹ́ 150 g, ó ti sún mọ́ ṣíbí mẹ́ta. Ẹ ra èyí tí kò ládùn, kí ẹ gé èso sí i.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò dùn lẹ́nu: ọbẹ̀ tòmátì inú ìgò tí a ń fi jẹ nǹkan dídín, búrẹ́dì, oúnjẹ àárọ̀ inú páálí tí wọ́n ń sọ pé ó dára fún ìlera. Àkọlé “kò ní ọ̀rá” náà kò túmọ̀ sí pé kò ní ṣúgà. Nígbà míì, ọ̀rá tó jáde ni wọ́n fi ṣúgà dí ààyè rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi oúnjẹ gidi dènà rẹ̀

Ẹni tó fi bisikíìtì àti tíì dídùn ṣe oúnjẹ àárọ̀ á tún máa wá nǹkan dídùn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹja tàbí wàrà tí kò ládùn wà nínú oúnjẹ àkọ́kọ́. Wọ́n ń pẹ́ nínú.

Bí ọkàn yín bá fà sí ohun dídùn láàárín oúnjẹ méjì:

- Ẹ mu ife omi kan ná.
- Ẹ bi ara yín bóyá ebi ni. Bó bá jẹ́ ebi, ẹ jẹun, kì í ṣe ìpanu.
- Bí kì í bá ṣe ebi, ẹ dìde, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
- Bó ṣì ń pè yín, ẹ jẹ èso.
- Bó ṣì kọ̀, ẹ jẹ ohun náà díẹ̀, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́, kí ẹ má jẹ ẹ́ láti inú páálí.

Ẹni tó ń ṣe kéèkì nílé lè yọ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣúgà tí wọ́n ní kó lò kúrò, kéèkì náà kò sì ní bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, torí ṣúgà wà lára ohun tó ń mú kó rọ̀.

## Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: kí ẹ má bàa bẹ̀rù

Orí lè máa fọ́ yín, inú lè máa tètè bí yín, ara lè máa wúwo. Kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ṣúgà, ẹ béèrè ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú, kọfí tàbí àwọn ohun mímu tí wọ́n ń pè ní ti agbára, káféènì, èròjà inú wọn tó ń lé oorun lọ, tí ara kò rí mọ́ ló ṣeé ṣe kó máa fa orí fífọ́ yẹn. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, yóò sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fo oúnjẹ lásìkò yìí. Ebi ló ń dá ọ̀pọ̀ padà.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Fífi oyin tàbí ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ rọ́pò. Ṣúgà ṣì ni wọ́n. Oyin dùn ju ṣúgà lọ, nítorí náà ẹ lè lo díẹ̀, àmọ́ ẹ ka díẹ̀ náà mọ́ ìṣirò yín. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń fa botulism, àìsàn tó ń mú iṣan ọmọ rọ, ó sì lè pa á.

Gbígbára lé ohun amóhundùn tí kì í ṣe ṣúgà. Ní ọdún 2023, WHO ní kí a má ṣe gbára lé wọn láti fi dín ìsanra kù. Ìmọ̀ràn náà kò kan àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ojú tí mo fi wò ó: bí wọ́n bá máa ran yín lọ́wọ́ láti kúrò nídìí ìgò méjì lójúmọ́, ẹ lò wọ́n bí afárá. Kí ẹ má kọ́lé sórí afárá.

Fífọ eyín lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ohun mímu kíkan tó dùn. Ara eyín ṣì rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán.

“Mo ti ṣe dáadáa láti àárọ̀.” Gbólóhùn yìí ló máa ń ṣíwájú páálí bisikíìtì lálẹ́. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé alẹ́ ni tiyín, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sílé.

Kíkà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó, ó tán. Ẹ má febi pa ara yín lọ́jọ́ kejì láti fi san án.

## Bí ọmọdé bá wà nílé

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò ṣúgà tí a fi kún nǹkan rárá. Ẹ má fi ohun dídùn sínú ìgò tí ọmọ máa gbé sun, eyín iwájú rẹ̀ ló máa fi jìyà. Ẹ má sì fi ohun dídùn ṣe ẹ̀bùn fún ọmọ tó jẹ ewébẹ̀ rẹ̀ tán, torí ohun tí ẹ ń kọ́ ọ ni pé ìyà ni ewébẹ̀, ohun dídùn ni èrè. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni pé kí gbogbo ilé jọ dín in kù. Bàbá tó gbé ìgò dání kò ní rí ẹni tó máa gbọ́ tiẹ̀.

## Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà

Ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀ kankan bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- Òǹgbẹ tí omi kò pa, pẹ̀lú ìtọ̀ lemọ́lemọ́, pàápàá lóru.
- Ara tó ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀.
- Ojú tó ń ṣú, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jinná.
- Ìbànújẹ́ tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èrò kí ẹ pa ara yín bá wà níbẹ̀, ẹ wá ìrànlọ́wọ́ lónìí.

Ẹ mú ìwé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kìíní dání lọ. Dókítà tàbí onímọ̀ nípa oúnjẹ máa rí nǹkan kà nínú rẹ̀ ju kí ẹ máa gbìyànjú láti rántí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ mọ́ ti àtọ̀gbẹ, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HbA1c fún yín. Òun ló ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, kì í ṣe ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan.